Orí Kẹta: Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Òrìṣà Lára Owó Bàbà Àwọn Ará Róòmù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, owó àtijọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ bi ìyá àgbà tó ti ta aṣọ tàbí kòkó rí, yóò ní kí ọmọ kan lọ fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú agolo mílíìkì tàbí àpò aṣọ kékeré kan ni ẹ ó ti bá onínì, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè tí igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó Róòmù ni a fẹ́ kà. Ẹni tí kò bá lè sọ ohun tó wà lára kọ́bọ̀ tí ìyá rẹ̀ ná, yóò ṣòro fún un láti ka owó tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ orí yìí: àwòrán ara owó, oríkì aláṣẹ ni. Bí arọ́kin bá ń ki ọba, kì í sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á kàn ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹni tó mọ ìtàn ni yóò mọ ogun tàbí àrà tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣọ̀nà tó gbẹ́ òǹtẹ̀ owó ṣe máa ń fi ọ̀kọ̀ kan, ejò kan tàbí ìràwọ̀ méjì sí ojú ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kí odindi ìtàn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ fi kọ́bọ̀ oníhò dánra wò

Ẹ mú kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n tẹ̀ láyé ọba George Karùn-ún, ẹni tó jọba láti 1910 sí 1936. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì dúró sẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, kó má ti òkè bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ sókè. Ní ojú kan, ẹ ó rí adé lókè ihò, àti lẹ́tà yíká etí: GEORGIVS V REX ET IND:IMP. Ní ojú kejì, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló wà níbẹ̀, onígun mẹ́ta méjì tó kọ́ ara wọn lọ́rùn, ihò sì wà láàárín gbùngbùn.

Èdè Látìnì ni lẹ́tà yẹn, èdè àwọn ará Róòmù. V ni wọ́n kọ sí ipò U, bí àwọn baba ńlá èdè náà ṣe ń kọ ọ́. Rex ni ọba. Imp ni imperator, oyè tí àwọn Késárì ń jẹ tẹ̀léra tẹ̀léra, tí George náà sì ń fi sọ pé òun ni olú ọba lórí Íńdíà. Nítorí náà, kí ẹ tó fojú kan owó Róòmù rárá, ẹ ti ka oyè Késárì lára kọ́bọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ra àkàrà ní Ọjà'ba.

Ọdún 1907 ni irú owó oníhò yìí bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1912 ni wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ láti máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Onínì mẹ́wàá ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ihò àárín náà bá àṣà ilẹ̀ yìí mu púpọ̀, nítorí àwọn tó ń ná an ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ, ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn sì jẹ́ ẹgbàá. Ìràwọ̀ yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí mọ irú rẹ̀ sí òǹtẹ̀ Sùlèmọ́nù, Gómìnà Lugard sì mú un wọ inú àmì àsíá Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní 1914.

Nítorí pé owó oníhò kò ní àyè fún orí ọba, orúkọ nìkan ló ń yí padà bí ọba bá yí. Èyí ló fà á tí kọ́bọ̀ 1936 kan fi wà tí wọ́n kọ EDWARDVS VIII sí lára. Edward Kẹjọ kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́, kò tilẹ̀ dé adé kó tó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ní orí rẹ̀ kò jáde fún ará ìlú láti ná. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ rẹ̀ wọ ọjà. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ tún wo bóyá lẹ́tà kékeré H tàbí KN wà lára rẹ̀: àmì ilé iṣẹ́ méjì ní Birmingham tó bá wọn tẹ owó náà ni.

Bàbà àti idẹ

Yorùbá kì í pe bàbà ní idẹ, àwọn ará Róòmù náà kò dà wọ́n pọ̀ nínú owó wọn. Láti ayé Késárì Augustus, as ni owó bàbà pupa, ó tó nǹkan bíi gíráàmù 11. Sestertius jẹ́ owó idẹ, ó ń tàn bíi wúrà nígbà tó bá ṣì tuntun, ó wúwo tó gíráàmù 25, ó sì fẹ̀ ju mìlímítà 30 lọ. As mẹ́rin ni sestertius kan, sestertius mẹ́rin ni denarius fàdákà kan. Dupondius wà láàárín, idẹ lòun náà, as méjì ni iye rẹ̀. Sestertius ni kí ẹ wá ojú fún, nítorí pé ó fẹ̀, oníṣọ̀nà sì ráyè fi ọnà hàn lórí rẹ̀. Lẹ́tà S C tí ẹ ó máa rí lẹ́yìn wọn ń sọ pé àṣẹ ìgbìmọ̀ àgbà ìlú Róòmù wà lórí owó náà.

Ojú owó ni orí Késárì máa ń wà, pẹ̀lú orúkọ àti oyè rẹ̀ yíká. Ẹ̀yìn ni òrìṣà, akọni, ẹranko àti tẹ́ńpìlì máa ń wà. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fi gbogbo àkókò wọn wo orí Késárì. Ẹ̀yìn ló lọ́rọ̀ jù.

Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí wọ́n fi owó orí dán Jésù wò, ìbéèrè méjì ló bi wọ́n: àwòrán ta ni, àkọlé ta sì ni? Ìbéèrè méjì yẹn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi owó yòówù. Ẹ wá fi ẹ̀kẹta kún un: kí ló wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yà, lórí rẹ̀, àti lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Lẹ́tà lè ti parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ohun ọwọ́ kì í sábà parẹ́ tán.

Ẹni tó bá mú kóńdó, tó sì gbé awọ kìnnìún kọ́ apá, Hercules ni. Obìnrin tó fi ọwọ́ kan di ìtọ́kọ̀ ojú omi mú, tó fi ìkejì gbé ìwo tí èso kún inú rẹ̀, Fortuna ni, ẹni tí ń darí àyànmọ́. Èyí tó ń fi àwo bọ́ ejò ni Salus, ìlera. Ejò ìlera yẹn kò jìnnà sí èyí tó lọ́ mọ́ ọ̀pá Aesculapius, tó wá di àmì iṣẹ́ ìṣègùn títí dòní. Èyí tó mú òṣùwọ̀n ni Aequitas, ìdọ́gba. Obìnrin abìyẹ́ tó mú adé ewé lọ́wọ́ ni Victoria, ìṣẹ́gun. Minerva dé àṣíborí, ó mú asà àti ọ̀kọ̀. Jupiter mú àrá lọ́wọ́ bí ìdì igi tó tú lẹ́nu, ẹyẹ idì sì sábà máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bí orúkọ wọ̀nyí bá dà bí àjèjì, ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ní Lísítírà ni wọ́n ti pe Bánábà ní Jupiter, tí wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Mercury. Ìjà Éfésù dá lórí Diana. Ọkọ̀ ojú omi tó sì gbé Pọ́ọ̀lù kúrò ní Málítà ní àmì ìbejì òrìṣà méjì níwájú, Castor àti Pollux. Àwọn náà wà lára owó bàbà tí Késárì Maxentius tẹ̀ ní Ostia ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin: ọkùnrin méjì, kálukú di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú, ìràwọ̀ sì wà lókè orí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi as kan ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń ka oríkì yìí. Agrippa wà lójú owó náà. Neptune, òrìṣà òkun, wà lẹ́yìn, ó mú ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ta ni Agrippa? Ọ̀rẹ́ àti àna Augustus ni, òun ló sì ṣáájú àwọn ọkọ̀ ogun tó ṣẹ́gun Antony àti Cleopatra, ọbabìnrin Íjíbítì, ní Actium ní ọdún 31 ṣáájú ìbí Kírísítì. Adé tó wà lórí rẹ̀ náà, iwájú ọkọ̀ ogun ni wọ́n tò sí i lára. Owó náà kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ogun Actium. Neptune ló ń sọ ọ́.

Ẹ má sáré fi òrìṣà wa rọ́pò tiwọn. Ọ̀pọ̀ máa ń wo àrá lọ́wọ́ Jupiter, wọn á ní Ṣàngó ni. Aláàfin Ọ̀yọ́ ni Ṣàngó, ó ní ìran, ó ní ààfin, oṣé ni ohun ọwọ́ rẹ̀. Jupiter kò jọba ìlú kankan láyé. Bákan náà ni Janus olójú méjì, tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní Èṣù. Alábòójútó ẹnu ọ̀nà àti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan ni Janus, oṣù January sì ti ara orúkọ rẹ̀ wá. Orí rẹ̀ wà lójú as àtijọ́ ńlá tí wọ́n ń dà nínú ẹdà, èyí tí àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ wúwo ju ìdámẹ́rin kílò lọ, iwájú ọkọ̀ ojú omi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọdé Róòmù máa ń ju owó yìí sókè, wọn á bèèrè bóyá orí ni yóò ṣí tàbí ọkọ̀. Ní Róòmù, bí kò bá sí ogun níbì kankan, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn tẹ́ńpìlì Janus pa. Késárì Nero fi ìlẹ̀kùn títì yẹn sẹ́yìn sestertius rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìgbà tirẹ̀ tù wọ́n lára. Ìfiwéra dára tó bá jẹ́ kí a rí ìyàtọ̀. Èyí tó bá bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀ ń ba ìwé kíkà jẹ́ ni.

Ìkookò àti ìbejì

Bí ẹ bá máa ní owó Róòmù kan ṣoṣo, èyí ni mo bá yín yàn. Ó pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, ìtàn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Késárì Constantine bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 330, nígbà tó ṣí ìlú tuntun rẹ̀, Constantinople. Ó kéré, bíi mìlímítà 17, kò sì ju nǹkan bíi gíráàmù 2½ lọ.

Lójú rẹ̀, obìnrin kan dé àṣíborí, ó kọjú sí apá òsì. Róòmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n yà bí ènìyàn, wọ́n kọ VRBS ROMA yí i ká. Ẹ yí i padà. Abo ìkookò kan dúró, ó yí ọrùn padà sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ lá àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbejì ni ọmọ méjèèjì, wọ́n na ọwọ́ sókè sí ọmú. Bí owó náà kò bá tíì jẹ púpọ̀, ẹ ó rí irun ọrùn ìkookò náà tí wọ́n tò ní àmì tín-tìn-tín. Ìràwọ̀ méjì wà lókè ẹ̀yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀, lábẹ́ ilà tí ó dúró lé, lẹ́tà kékeré wà tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti tẹ owó náà: TR ni Trier ní Jámánì òde òní, PLG ni Lyon ní Faransé, SMAN ni Áńtíókù. Ẹ kọ lẹ́tà yẹn sínú ìwé yín ṣáájú ohun gbogbo, nítorí òun ló kọ́kọ́ máa ń jẹ dànù.

Romulus àti Remus ni ìbejì náà. Wọ́n ní Mars, òrìṣà ogun, ló bí wọn, pé wọ́n gbé wọn jù sódò Tiber kí wọ́n lè kú, ìkookò sì fún wọn lọ́mú. Wọ́n dàgbà, wọ́n fẹ́ tẹ ìlú dó, ìjà dé, Romulus pa Remus. Àwọn tó bá ti ilé ìbejì wá yóò gbọ́ ìtàn yìí pẹ̀lú ìpayà, nítorí lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère la máa ń gbẹ́ fún un kí ìkejì má bàa tẹ̀ lé e, ìyá á sì máa tọ́jú ère náà bí ọmọ. Lára owó, kò sí ìjà, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọmú nìkan ló wà níbẹ̀. Níbí ni owó ti yàtọ̀ sí oríkì tiwa: oríkì a máa fa àbùkù ẹni yọ nígbà míì, wọ́n á sì tún máa fi yangàn. Owó kì í mẹ́nu kan ohun tó bá máa bu ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kù.

Nígbà tí Constantine ń tẹ owó yìí, ó ti ń gbè lẹ́yìn ẹ̀sìn Kírísítì. Síbẹ̀ kò yọ ìkookò kúrò. Ó ń kó ọlá lọ sí ìlú tuntun, ó sì fẹ́ fi ará Róòmù lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò gbàgbé ilé àgbà.

Ilẹ̀ Áfíríkà àti igi ọ̀pẹ

Owó Késárì Hadrian kan wà tí ará ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Obìnrin kan rọ̀gbọ̀kú, ó fi awọ orí erin ṣe fìlà, ọwọ́jà erin náà yọ síwájú. Ó mú àkekèé lọ́wọ́, apẹ̀rẹ̀ ọkà wà lẹ́bàá rẹ̀, wọ́n sì kọ AFRICA sókè. Agbègbè Tùnísíà àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí Róòmù ń fẹ́ níbẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀: ọkà ibẹ̀ ló ń bọ́ ìlú Róòmù.

Septimius Severus, tó jọba láti 193 sí 211, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Leptis Magna ní Líbíà ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó gorí ìtẹ́, ó fi òrìṣà ìlú bàbá rẹ̀ méjì, Hercules àti Liber, sára owó. Ẹ rí i pé orúkọ Róòmù ni wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n òrìṣà ilé ni wọ́n. Ọmọ ìlú kan dé ipò, ó sì kì ilé rẹ̀ létí gbogbo ayé.

Igi ọ̀pẹ náà wà lára owó Róòmù, ọ̀pẹ eléso dídùn ti ilẹ̀ aṣálẹ̀. Nígbà tí Késárì Vespasian àti Titus ọmọ rẹ̀ pa Jerúsálẹ́mù run ní ọdún 70, sestertius tí wọ́n tẹ̀ fi obìnrin kan hàn tó jókòó tó ń sunkún lábẹ́ ọ̀pẹ. Lára owó ìlú Nemausus ní Faransé, ọ̀nì ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ọ̀pẹ, ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣẹ́gun Íjíbítì. Ọ̀pẹ níbẹ̀, àmì ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ ni. Kí ẹ wá gbé ṣílè ilé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: orí ọba Gẹ̀ẹ́sì lójú, ọ̀pẹ tiwa lẹ́yìn. Òyìnbó lè sọ pé òwò epo ni òun ń tọ́ka sí. Èmi kà á gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ka ti Vespasian, àyàfi pé níbí, onílẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ní 1959, Nàìjíríà ní owó tirẹ̀, kòkó wọ ara sísì, ẹ̀pà wọ ara ṣílè méjì, orí Elizabeth ṣì wà lójú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 ni náírà dé, àmì orílẹ̀-èdè wa sì gba ipò orí ọba. Idì tó wà lókè àmì yẹn, ẹ ti pàdé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jupiter. Róòmù a tún máa fi idì náà sẹ́yìn owó ìrántí Késárì tó bá ti wàjà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ CONSECRATIO, pé idì ti gbé e lọ bá àwọn òrìṣà.

Ẹ gun òkè Mapó

Ọ̀pọ̀ owó Róòmù ní àwòrán tẹ́ńpìlì, ó sì máa ń rú ènìyàn lójú nínú ìwé. Ẹ kúrò ní Òkè-Àdó, ẹ lọ dúró níwájú gbọ̀ngàn Mapó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1925, tí wọ́n ṣí ní 1929, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnjiníà Robert Taffy Jones. Òpó ńlá tó gbé iwájú rẹ̀ ró, irú ti Gíríìkì àti Róòmù ni. Ẹ kà wọ́n, ẹ wo bí orí òpó ṣe pàdé igi àjà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo sestertius Késárì Antoninus Pius tó ní tẹ́ńpìlì Augustus lẹ́yìn: òpó mẹ́jọ, ère láàárín. Oníṣọ̀nà owó a máa ya òpó àárín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní àwọn owó míì a tilẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò, kí òrìṣà inú lè hàn síta. Nítorí náà, ẹ má fi iye òpó ara owó búra pé bẹ́ẹ̀ ni ilé náà rí. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú èdè Látìnì àti ìtàn Róòmù, ẹ̀ka Classics wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìtọ́jú àti rírà

Ẹ má fọ owó bàbà àtijọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, iyanrìn àti Brasso ti ba owó jẹ́ ju ìpẹtà lọ. Awọ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó le gbagidi lára rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, òun náà sì ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fífẹ́rẹ̀ tó ń hó jáde tó sì ń bọ́ sílẹ̀, àìsàn bàbà ni, ọ̀rinrin ló ń fà á. Ẹ yà á kúrò lára ìyókù kíákíá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ. Pépà tàbí àpò òwú ló dára, kì í ṣe ọ̀rá tó ń làágùn lásìkò òjò.

Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa bàbà tàbí idẹ. Kọ́bọ̀ 1973 kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, ti 1991 yóò lẹ̀, nítorí irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Owó Róòmù tó bá lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ayédèrú ni. Ẹ wo etí owó náà yíká pẹ̀lú: òòlù ni wọ́n fi lu owó ayé Késárì, nítorí náà ilà oríkèé tó yí etí ká àti ihò wẹ́wẹ́ bíi ti fùfù ń sọ pé ẹnì kan dà á nínú ẹdà láìpẹ́ yìí. As Janus àtijọ́ nìkan ni òfin yìí kò bá wí, nítorí dídà ni wọ́n ń dà á. Ẹ fi òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ owó Róòmù tó wà lọ́jà ni wọ́n hú ní òru láti ojú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kò tíì dé, bí wọ́n ṣe ń hú àti bí wọ́n ṣe ń jí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tiwa kó lọ. Owó tí a kò bá mọ ilẹ̀ tó ti jáde ti pàdánù ìdajì ìtàn rẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé tó sọ ibi tí owó ti wá àti ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní in, tàbí tó kọ̀ láti kọ rìsíìtì, ẹ má rà á, kò sí bó ṣe lè pọ́kú tó.